Ẹ Wá Omi Náà Rí Kí Ẹ Tó Ra Pákó: Àtúnṣe Ilẹ̀ Onípákó Tó Jẹrà

Pákó ilẹ̀ kì í dédé jẹrà. Igi tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń dé ara rẹ̀, lè pẹ́ láyé ju ọmọ-ọmọ káfíńtà tó kàn án lọ. Èyí tí ẹ bá rí tó rà, omi ló rà á, omi yẹn sì ní ibi tó ti ń wọlé. Ohun tó ń ká mi lára jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: gbogbo owó àti agbára á lọ sórí pákó tuntun, nígbà tí omi tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ ṣì ń kán níbi tó ti ń kán. Kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ á tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í rì níbẹ̀, wọ́n á ní igi ayé ìsinsìnyí ò lágbára mọ́. Igi ò jẹ̀bi rárá.

Irú ilẹ̀ tí mò ń sọ ni èyí tí a gbé sókè kúrò lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Pákó tí a ń tẹ̀ ló wà lókè. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn igi ìdábùú tí káfíńtà ń pè ní jọ́ìsì wà, ọ̀kan sí ìkejì sábà máa ń jẹ́ mílímítà 400 sí 600. Ẹnu jọ́ìsì lè wọ inú ògiri, ó sì lè jókòó lé igi gbọọrọ kan tí wọ́n tẹ́ sórí ògiri kúkúrú. Abẹ́ gbogbo wọn ṣófo, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ kọjá, láti ihò ara ògiri ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nínú gbogbo ẹ̀yà yìí, ẹnu jọ́ìsì tó wọ inú ògiri ìta ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ibi tí wọ́n ti gé igi ń mu omi ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì, ògiri tó yí i ká tutù, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè dé ibẹ̀.

Igi tó wà nínú ilé gbígbẹ máa ń ní ọ̀rinrin bíi 10 sí 15% nínú. Bó bá ti lé ní 20%, ewu ti ń bọ̀ nìyẹn. Bó bá tó 30%, tó sì dúró síbẹ̀, olú tó ń jẹ igi á rí oúnjẹ àti omi papọ̀. Mítà ọ̀rinrin oníabẹ́rẹ́ méjì kékeré ni wọ́n fi ń kà á, ohun èlò kan tí mo gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láìní. Ẹ gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú igi, kì í ṣe sórí ọ̀dà tàbí fáńíìṣì. Ẹ kà á lọ́pọ̀ ibi, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ẹ ti kà á. Lára bíríkì tàbí símẹ́ǹtì, nọ́ńbà mítà yìí kò ju atọ́ka lásán lọ, nítorí iyọ̀ tó wà nínú ògiri lè gbé e sókè láìjẹ́ pé omi pọ̀ níbẹ̀.

Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á ti sọ̀rọ̀. Pákó á máa rọ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Pákó etí ògiri á ti fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ilẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ti rì. Òórùn olú á máa jáde, pàápàá ní òwúrọ̀ tí fèrèsé wà ní títì mọ́jú. Ẹ mú irin ṣóńṣó bíi sukurudíráfà, kí ẹ máa gún pákó lẹ́bàá ògiri àti lábẹ́ síǹkì. Igi tó dá ṣáká á ta irin náà padà, bí ẹ bá sì fi tipá yọ èérún lára rẹ̀, èérún náà á gùn, á ní fọ́nrán. Igi tó ti rà á gbà á wọlé wẹ́rẹ́, èérún rẹ̀ á sì ṣẹ́ kúkúrú láìdún. Ẹ ṣọ́ra fún ẹnu jọ́ìsì o: lókè, ó lè dán, kí ó le, nígbà tí abẹ́ rẹ̀ tó jókòó lé ògiri ti di ìyẹ̀fun. Ẹ gún un láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ìsàlẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ lu ihò tín-ínrín wọ inú rẹ̀ kí ẹ wo ohun tí irin ìlùhò ń kó jáde. Lẹ́búlẹ́bú dúdú tó tutù túmọ̀ sí pé inú ti lọ.

Oríṣi ìjẹrà wà, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti igi tó ń rẹ nínú omi. Ibi tó tutù nìkan ló máa ń jẹ, ó ń sọ igi di dúdú, ó sì ń là á ní gígùn, nígbà mìíràn á fi awọ pẹ́lẹ́bẹ́ kan sílẹ̀ lókè tí ojú á fi rò pé igi ṣì wà. Bí omi bá ti dá, òun náà á dá. Èkejì le jù. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Serpula lacrymans, àwọn ilé ibi òtútù ló sì ti ń yọni lẹ́nu jù. Á bo igi bí òwú funfun, tí àwọ̀ ìyeyè lè hàn lára rẹ̀ níbì kan. Á gé igi sí onígun mẹ́rin ńláńlá. Á sì da eruku pupa rúsúrúsú sílẹ̀ nígbà tó bá so. Fọ́nrán rẹ̀ lè gba inú símẹ́ǹtì àti bíríkì kọjá lọ wá igi mìíràn. Síbẹ̀, òun náà kò lè wà láìsí ibi tó ti ń rí omi. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò gbóògùn, wọ́n á sì fi ìbẹ̀rù yẹn gba iṣẹ́ tí ilé náà kò nílò. Ẹ dá omi dúró ná.

Ikán kì í ṣe ìjẹrà. Tí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gun ògiri kúkúrú láti ilẹ̀, tàbí igi tí inú rẹ̀ ṣófo ní ipele-ipele tí amọ̀ sì wà níbẹ̀, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, ẹni tó mọ̀ nípa ikán ni kẹ́ẹ pè. Àmọ́ ikán abẹ́ ilẹ̀ fẹ́ràn ibi tó tutù, nítorí náà gbígbẹ abẹ́ ilé á gba ìdajì ìjà náà fún yín.

Wàyí o, níbo ni omi ti ń wọlé? Ìta ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ lọ, nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ dúró kí ẹ wò. Gọ́tà tí ewé ti dí á tú omi rẹ̀ sára ògiri, ibi kan ṣoṣo ni yóò sì máa rẹ, léraléra, ní ọ̀gangan jọ́ìsì méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ wo gíga ilẹ̀ ìta. Nínú ògiri, ọ̀rá dúdú kan wà tí bíríkìlà máa ń tẹ́ kí omi ilẹ̀ má baà gun ògiri. Ó yẹ kí ilẹ̀ ìta fi ó kéré tán mílímítà 150 rẹlẹ̀ sí ọ̀rá yẹn. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ òdòdó síbẹ̀, wọ́n á tẹ́ kọnkéré lé e, wọ́n á tún gbé táìlì lé kọnkéré. Níkẹyìn ilẹ̀ á ga ju ọ̀rá lọ, omi á wulẹ̀ fo ọ̀rá náà kọjá. Bíríkì oníhò tó ń mú afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ ilé náà á ti wà nínú yẹ̀pẹ̀. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀ onípákó, èyí ló wọ́pọ̀ jù, ṣọ́bìrì nìkan ló sì nílò.

Nínú ilé, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kí ẹ ka mítà omi, kí ẹ má ṣe lo omi títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ tún un kà. Bí nọ́ńbà bá ti yí, páìpù kan ń jò. Páìpù omi ìdọ̀tí kò ní hàn lórí mítà. Ti wọn, ẹ da omi aláwọ̀ sí síǹkì àti ibi ìwẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ilẹ̀ bóyá àwọ̀ náà á yọ. Ẹ má gbàgbé etí ibi ìwẹ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti ya, àti ọ̀pá ẹ̀rọ ìfọṣọ. Jíjò tí kò ju ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú kan lọ kò ní dá adágún sílẹ̀, kò sì ní mú kí ẹnikẹ́ni wá páìpù, àmọ́ ó tó láti mú igi kan rẹ lọ́dún yípo.

Ọ̀nà kẹta wà tí wọn kì í fura sí, òun ni kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà. Pákó ń gba ọ̀rinrin díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sì ń tú u jáde lókè. Bí wọ́n bá fi rọ́bà bo ojú rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, kò rí ibi tí yóò tú u sí mọ́. Mo ti rí i tí pákó ilé ìdáná rà lábẹ́ rọ́bà nígbà tí ti yàrá tó kàn án, tí kò ní nǹkan lórí, wà ní pípé, bẹ́ẹ̀ abẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ní.

Tí ẹ bá ti mọ orísun omi, ẹ ṣí ilẹ̀. Ẹ pa iná ní ojú bọ́ọ̀dù, ẹ ti omi pa, nítorí wáyà àti páìpù sábà máa ń gba inú àlàfo tí wọ́n gé sórí jọ́ìsì, tó sún mọ́ pákó pẹ́kípẹ́kí. Tí ẹ bá lo ayùn oníná, ẹ dín jíjìn rẹ̀ kù kí ó ṣe déédéé pákó, kó má kọjá. Ẹ fi aṣọ ìbòmú tó ń dènà eruku bo imú. Bí táìlì àtijọ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ bá wà lórí pákó, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi nǹkan họ ọ́, títí wọn ó fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun èlò ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú rẹ̀.

Ẹ gé pákó tó rà títí dé àárín orí jọ́ìsì tó dá ṣáká, kí pákó tuntun lè rí ibi jókòó. Tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ gé e ní ẹ̀gbẹ́ jọ́ìsì, kí ẹ so igi kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ náà láti gbé ẹnu pákó. Fún ìjẹrà omi lásán, ẹ gé gbogbo èyí tó rọ̀, kí ẹ fi bíi mílímítà 300 lé e wọ inú igi tó le. Fún Serpula, ọ̀pọ̀ máa ń kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà oníṣẹ́ àtijọ́ a sì máa gé tó mítà kan. Ẹ di igi tó rà sínú ọ̀rá, kí ẹ kó o jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ gbá abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú: gbogbo èérún igi, ìdọ̀tí pákó àti bébà tí àwọn tó kọ́ ilé fi sílẹ̀ síbẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún olú àti fún ikán.

Ibi tí sùúrù ti ń tán nìyí. Ògiri tó ti rẹ kò ní gbẹ lọ́sẹ̀ kan. Ìṣirò tí àwọn ọ̀mọ̀lé fi ń gbé e ni pé bíríkì máa ń gba bíi oṣù kan kí ó tó gbẹ ní mílímítà 25, nítorí náà ògiri tó nípọn tó mílímítà 225 lè gba oṣù mẹ́sàn-án. Fáànù àti fèrèsé ṣíṣí ṣe pàtàkì, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin náà dára bí yàrá bá wà ní títì. Kò pọn dandan kí ilé dúró fún oṣù mẹ́sàn-án, àmọ́ ó pọn dandan kí igi tuntun má fara kan ògiri yẹn. Gbogbo bí a ṣe ń tún ẹnu jọ́ìsì ṣe dá lórí ìyẹn.

Bí jọ́ìsì bá ti rì, ẹ fi jáàkì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, lórí pákó tó fẹ̀ kí jáàkì má rì sínú ilẹ̀. Ẹ ta okùn láti ẹ̀gbẹ́ kan yàrá dé ìkejì kí ẹ mọ ibi tó yẹ kó dé. Lẹ́yìn náà, ẹ gé apá tó rà kúrò. Ẹ mú igi tuntun tí gíga àti ìnípọn rẹ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba, kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí méjèèjì jọ sùn ti ara wọn fún ó kéré tán mílímítà 600 lórí igi tó dá ṣáká. Ìṣó kò tó láti so wọ́n. Bóòtù oníwọ̀n mílímítà 12 ni, mẹ́rin ó kéré tán, tí wọn ò tò sórí ìlà kan ṣoṣo kí igi má baà là. Ẹ jẹ́ kí bóòtù kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ẹnu igi tó mílímítà 85, kó sì jìnnà sí etí òkè àti ìsàlẹ̀ tó 50. Wọ́ṣà onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó mílímítà 50 ni kẹ́ẹ fi sábẹ́ orí bóòtù àti sábẹ́ nọ́ọ̀tì. Wọ́ṣà kékeré á rì wọ inú igi. Irin eléyín tí wọ́n ń há sáàárín igi méjèèjì máa ń fi kún agbára ìdè náà gidigidi. Ẹ tún fún nọ́ọ̀tì pọ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nítorí igi tuntun á súnkì bó bá ń gbẹ.

Ẹnu igi tuntun ńkọ́? Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí ó má wọ ògiri rárá. Ẹ mọ ògiri kúkúrú tàbí òpó bíríkì kékeré lórí ìpìlẹ̀ kọnkéré nínú àyè abẹ́ ilé, kí ó fi àlàfo díẹ̀ jìnnà sí ògiri ìta. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí rẹ̀, kí jọ́ìsì jókòó lé e. Èkejì ni irin tó ń gbé ẹnu jọ́ìsì, tí kì í dípẹtà, tí wọ́n so mọ́ ògiri. Ẹ fi ìṣó sí gbogbo ihò tí wọ́n lù sí irin náà, nítorí gbogbo ihò yẹn ni ẹni tó ṣe é kà mọ́ agbára rẹ̀. Tó bá wá di dandan kí igi padà sínú ihò ògiri, ẹ fi ọ̀rá sí abẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ àti òkè sílẹ̀ pẹ̀lú àlàfo tí afẹ́fẹ́ lè gbà. Ẹ má fi símẹ́ǹtì dí i pa. Àwọn kan á fi ọ̀rá wé ẹnu igi yíká bí ẹni di ẹ̀kọ, wọ́n á rò pé àwọn ti dáàbò bò ó. Omi tó bá wọ inú ọ̀rá yẹn, bó ti wù kó kéré mọ, kò ní jáde mọ́.

Igi tí wọ́n ti fi oògùn rẹ nílé iṣẹ́ ni kẹ́ẹ rà, àmọ́ ẹ rántí pé oògùn náà kì í sábà dé àárín igi. Gbogbo ibi tí ẹ bá fi ayùn gé tàbí tí ẹ lu ihò sí, ẹ fi oògùn tí wọ́n ṣe fún ojú igi tí a gé kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Fún igi àtijọ́ tó ṣì dá, oògùn bórọ́ọ̀nù dára nítorí pé ó máa ń gba inú ọ̀rinrin igi wọlé lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé omi tó ń ṣàn lè fọ̀ ọ́ kúrò, ìdí mìíràn nìyẹn tí oògùn kò fi lè rọ́pò àtúnṣe gọ́tà.

Mi ò ní fi pákó òkè pẹ́ yín lọ́wọ́. Mílímítà 18 tó fún jọ́ìsì tó jìnnà síra ní 400. Bó bá jẹ́ 600, ẹ lo 22. Ẹ gbé pákó sínú yàrá náà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó kàn án, kí ó bá yàrá dọ́gba ní ọ̀rinrin. Ẹ fi àlàfo mílímítà 10 sí 12 sílẹ̀ yíká lẹ́bàá ògiri. Pákó etí ògiri á bò ó. Síkúrù tó gùn tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ìnípọn pákó ló dára jù, ó sì ń jẹ́ kó rọrùn láti tún un ṣí.

Afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ló kù, ibẹ̀ gan-an ni ilé á ti yè tàbí kó tún padà sẹ́yìn. Ìwọ̀n tí ìlànà ìkọ́lé Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ wúlò: fún mítà kọ̀ọ̀kan ògiri, kí ihò tó ṣí sílẹ̀ gan-an tó mílímítà onígun mẹ́rin 1,500, kí àlàfo tó wà láàárín jọ́ìsì àti ilẹ̀ tí wọ́n bò lábẹ́ rẹ̀ sì tó mílímítà 150. Ihò tó ṣí ni wọ́n ń kà, kì í ṣe fífẹ̀ bíríkì. Bíríkì oníhò alámọ̀ àtijọ́ lè fẹ̀ lójú kí ihò rẹ̀ má tó nǹkan, ti oníke òde òní sì sábà máa ń mú afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọlé. Kí ihò wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọ ara wọn, kó sì sún mọ́ igun ilé, nítorí inú igun ni afẹ́fẹ́ ti máa ń kú. Bí wọ́n bá ti fi ilẹ̀ kọnkéré kún ẹ̀yìn ilé tó sì dí ẹ̀gbẹ́ kan, páìpù oníwọ̀n mílímítà 100 gbọ́dọ̀ gba abẹ́ kọnkéré náà kọjá lọ sí ìta. Ẹ fi àwọ̀n dènà eku, àmọ́ kí ojú rẹ̀ má ṣe há débi pé eruku àti òwú aláǹtakùn á dí i.

Kí ọ̀rinrin má máa gòkè láti ilẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 300 (mílímítà 0.3), kí ojú rẹ̀ gun ara wọn tó mílímítà 150 ó kéré tán, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé etí rẹ̀ gun ògiri díẹ̀. Kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí iyanrìn lè wà lórí rẹ̀ láti dì í mú. Bí ilẹ̀ abẹ́ ilé bá rẹlẹ̀ ju ti ìta lọ, omi lè dúró sórí ọ̀rá náà, ẹ wá ọ̀nà tí á gbà ṣàn jáde.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí ní ibi tó ti yí padà. Níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ti gbóná, tó sì kún fún ọ̀rinrin, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúlétutù mú yàrá tutù gan-an, afẹ́fẹ́ tó ń wọ abẹ́ ilé lè sọ ọ̀rinrin rẹ̀ di omi lábẹ́ pákó tútù. Pákó á máa làágùn. Níbẹ̀, fífi ihò kún ihò á bà á jẹ́ sí i. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n bo ilẹ̀ àti ara ògiri abẹ́ ilé pẹ̀lú ọ̀rá pátápátá, kí wọ́n dí ihò, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀rọ gbẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Nípa oògùn tí wọ́n ń fún sínú ihò ara ògiri láti dá omi ilẹ̀ dúró, èrò mi ni pé ìgbẹ̀yìn ni kí ó wá, lẹ́yìn tí gọ́tà, ilẹ̀ ìta àti páìpù bá ti wà ní pípé tí ògiri sì ti ráyè gbẹ. Bákan náà, ẹ má fi símẹ́ǹtì tàbí ọ̀dà tí kì í gba omi bo inú ògiri tó tutù. Omi kò ní lọ. Á kàn gòkè sí i títí tí á fi rí ibi yọ.

Kí ẹ tó di ilẹ̀ pa, ẹ fi ìlẹ̀kùn kékeré sílẹ̀ nínú rẹ̀, bíi mílímítà 450 sí 600, níbi tí àga tàbí kápẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ lè bò, tí ọwọ́ á sì ti dé jọ́ìsì tí ẹ tún ṣe. Ẹ fi mítà ọ̀rinrin ka jọ́ìsì lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan nígbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Tí gbogbo nọ́ńbà bá ń lọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa bá a lọ. Bí nọ́ńbà jọ́ìsì kan bá ga ju ti àwọn tó yí i ká lọ lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ jáde lọ wo ara ògiri ìta ní ọ̀gangan rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí omi tó gbẹ níbẹ̀.